Ẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé ní igun kan nínú ìwé ìròyìn yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìnáwó bébà, nítorí iye tí fẹ́ńdọ̀ oríta wa ń ta ìwé ìròyìn báyìí, èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ pé kò sí àyè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fún wa ní ìdá kan nínú mẹ́rin ojú ewé kan, kí ẹ kọ nǹkan sí i fún àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀. Kí gbólóhùn rẹ̀ má gùn. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn. Àlàyé ló kù.

Oògùn ni mo ń tà níbí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Kẹ́míìsì kékeré ni, kì í ṣe ilé oògùn ńlá. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í béèrè kó tó mọ ẹni tí kò mọ̀wé. Wọ́n á gba páálí oògùn, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní, “Ẹ bá mi kà á, mo gbàgbé awò mi sílé.” Àwọn tó ń gbàgbé awò sílé pọ̀ nílùú yìí. Àwọn mìíràn nínú wọn ò ní awò rárá.

Ẹ wo oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò báyìí. Ti àgbàlagbà, hóró 24 ló wà nínú rẹ̀: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, fún ọjọ́ méjì. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tó ti tó kílò 15 tí kò sì tíì tó 25, méjì-méjì ni tirẹ̀. Ìyá àgbà kan wá ra méjèèjì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, tòun àti ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́. Àwọn òbí ọmọ náà wà l'Ékòó, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó já páálí méjèèjì dànù, ó fi tirẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó fi ti ọmọ sínú funfun. Ìgbà tó di alẹ́, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wá nǹkan tó máa fi ra ata, ó da oògùn inú láílọ́ọ̀nù méjèèjì sórí tábìlì, ó sì gbé wọn lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà dúró síwájú ìsọ̀ mi kí n tó ṣílẹ̀kùn, ó na káàdì oògùn méjì sí mi, ó ti lò nínú méjèèjì. “Èwo ni tèmi?” Ohun tó lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ wà lára páálí tó já dànù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó padà wá béèrè. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń padà wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rẹ́rìn-ín: púrúǹtù ní Èkìtì kẹ̀? Èkìtì tí wọ́n ń pè ní Ìsun Ìmọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di Ilẹ̀ Iyì? Christ's School ti wà ní Adó láti 1933. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́, ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti Afẹ́ Babalọlá náà wà níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa níbí ní Ìkẹ́rẹ́ náà sì ti di yunifásítì láti 2020. Àwọn ìlú kan wà tó jẹ́ pé iye ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń yangàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ta iṣu tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà jẹ dàgbà? Àwọn ẹni yẹn ni mò ń sọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí a wà lábẹ́ Oǹdó, tí Adékúnlé Ajásin di gómìnà ní 1979, ọ̀fẹ́ tún dé, ó dé ilé ẹ̀kọ́ girama pàápàá. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí mò ń sọ yìí, wọn ò tíì bí wọn ní 1955. Inú ọ̀fẹ́ ni wọ́n bí wọn sí. Àmọ́ ọ̀fẹ́ kì í báni ṣa kòkó. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ló ń pọn àbúrò. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ní oko lọ́nà jíjìn, òun ló ń dáná ní abà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ti dé puráímárì mẹ́ta nígbà tí kòkó pọ́n, wọ́n ní kóun wá bá wọn ṣe é títí wọn óò fi fọ́ ọ tán. Ó ní, “Wọn ò tíì fọ́ ọ tán títí di òní.”

Àwọn olóṣèlú kan ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ládùúgbò wa rí. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pín fìlà, wọ́n pín aṣọ tó ní àwòrán, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kíláàsì yóò máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀! Ta ló wà nílé ní Ìkẹ́rẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ yàtọ̀ sí ewúrẹ́? Kíláàsì náà kò gbó.

Tiwa tó wà báyìí, àgùnbánirọ̀ kan tó ń gbé lẹ́yìn ìsọ̀ mi ló dá a sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn àtijọ́ kan la kùn ní dúdú tí a fi ṣe pátákó. Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì la yá, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì dá owó iná sólà. Ọjọ́ tí a máa pàdé ló mú wàhálà wá. Wọ́n ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ní Ìṣẹ́gun, ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú, Jímọ̀ ni ti àwọn Mùsùlùmí, ìṣọ́ òru àwọn Kírísítẹ́nì sì tún wà lọ́jọ́ yẹn kan náà, Àbámẹ́ta ni ìnáwó, Àìkú ò ṣeé dé. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló bọ́ sí wa lọ́wọ́, lẹ́yìn ìrun alẹ́, nígbà tí ọjà ti tú tí wọ́n sì ti jẹun. Wọ́n sì ń wá. Òjò nìkan ló ń dá wọn dúró, àti ìsìnkú.

Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó síwájú ni obìnrin kan tó ń ta epo pupa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà tuntun ò tó, tí àwọn ènìyàn ò sì fẹ́ gba ti àtijọ́ mọ́, gbogbo ọjà ló di “ẹ jẹ́ n ṣe tiránsífà.” Oníbàárà kan ra kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ fóònù, ó ní owó ti wọlé. Fóònù obìnrin yìí dún lóòótọ́. Ó wò ó, ó rí lẹ́tà lójú rẹ̀, ó gbé epo fún un. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé láti ilé-ìwé ló bá a kà á: ilé iṣẹ́ fóònù ló ń bẹ̀ ẹ́ kó wá ra orin ìpè. Ní ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, kò béèrè A, kò béèrè B. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kóun mọ iye òdo tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ má fi ìṣirò ọlọ́jà ṣeré o. Obìnrin yìí lè sọ gbèsè gbogbo àdúgbò láti orí láìfi kọ́bọ̀ kan dín. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ni kò mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kí oṣù náà tó parí.

Ìwé tí àgùnbánirọ̀ wa kọ́kọ́ rí lò, ti àwọn ọmọdé ni. A, ajá. B, bàtà. Ìyá kan gbé ojú sókè, ó ní, “Ṣé ajá la wá rà níbí ni?” Láti ọjọ́ náà la ti pa ìwé yẹn tì. Páálí oògùn la ń lò, àti rìsíìtì, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Káàdì yẹn wúlò púpọ̀, torí fígọ̀ ló pọ̀ lórí rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9. Lójú tèmi, ti oṣù 9 ni wọ́n máa ń fò jù, nítorí ọmọ ti ń rá kiri nígbà yẹn, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ, ìyá rò pé wọ́n ti parí rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ìyá àgbà kíláàsì wa ló ń rán àwọn ọmọ wọn létí.

A ti jà díẹ̀ lórí iṣu náà. Àgùnbánirọ̀ wa, ọmọ Ìbàdàn, kọ “iṣu” sí pátákó. Ìyá kan wò ó dáadáa, ó sì ka “uṣu” bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Àgùnbánirọ̀ ní ó ṣì í kà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ jàre, ó ti rí iṣu lójú pátákó, ó sì ti pè é.

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kà gan-an ni Bíbélì àti ìwé orin. N kò bá wọn wí. Odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá láti 1884, iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, kò sì sí ìwé tó wà nínú ilé tó tó o. Ṣùgbọ́n “enia,” “aiye” àti “nwọn” ló kún inú àwọn èyí tó ti pẹ́ nílé, bẹ́ẹ̀ láti 1974 ni wọ́n ti tún àkọtọ́ ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa rí ní Ọjọ́ Ìsinmi. Èyí kéré. Èyí tó tóbi ni pé wọ́n ti mọ orin náà sórí. Ìyá kan gbé ìwé orin sókè lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kà á lọ geere, gbogbo wa ń kan sáárá. Àgùnbánirọ̀ na ọwọ́, ó rọra ṣí ìwé náà sí ojú ewé mìíràn. Ìyá ò wòye, ẹsẹ kejì orin ti àkọ́kọ́ ló bọ́ sí. A rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ohun tí wọn ò gbọ́ rí ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa kà. Bí wọn ò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ojú wọn ò ní lè kúrò lára lẹ́tà.

Kí ni ènìyàn ò gbọ́ rí bí kò ṣe ìròyìn? Mo bá ra ìwé ìròyìn yín wá.

Olóòtú, ẹ má bínú sí mi. Àkọlé kan wà níbẹ̀ nípa gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà láìfi àmì kankan sí i. Obìnrin elépo wa kà á bó ṣe rí: “Gómìnà ogun.” Ó dákẹ́, ó wo ojú mi, ó ní, “Ogun níbo?” Ẹni tó jókòó tì í ti ń wá sílípáàsì rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀wé tipẹ́, ọgbọ́n orí lẹ fi ń kún àmì tí kò sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà ò tíì ní ọgbọ́n yẹn. Ohun tó wà lójú bébà ló ń kà. A tún wá wo inú ìròyìn náà, oyè ẹni tí wọ́n ń sọ gba ìlà mẹ́ta kí a tó mọ ohun tó ṣe. Wọ́n pa ìwé ìròyìn dé, wọ́n dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn ABD. Ènìyàn á jìyà títí á fi mọ lẹ́tà pọ̀, á wá wo ọ̀tún, á wo òsì, kò ní rí nǹkan kan tó bá a mu láti kà: ti ọmọdé ń bí i nínú, ti àgbà kọjá agbára rẹ̀. Tó bá di ọdún kejì, ó ti gbàgbé. Àgùnbánirọ̀ náà ò sì ní dúró, ọdún kan ni tirẹ̀. Bó bá ti sin ìlú tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn, ó lè dára, ó lè má dára, ó lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan fún ẹ̀kọ́ àgbà láti 1990, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nǹkan tó lè dé ọwọ́ ìyá kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ní tíṣà tí kò ní tíṣà, ìwé ìròyìn ni.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń wú mi lórí. Àwọn ìyá àgbà yìí máa ń mú ọmọ-ọmọ wọn dání wá, torí kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi wọ́n tì nílé. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ti Èkó dé. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí omi, ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá wà lójú ìwé, kò mọ bó ṣe máa pè é. Ó ń ka ọ̀rọ̀ kan lójú pátákó fún ìyá àgbà rẹ̀, ó pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ti yẹ, a, gb, a, d, o, ohùn rẹ̀ ò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà ní, “Kí nìyẹn?” Ó tún un pè bákan náà. Ìyá àgbà ronú, ó ronú, ló bá pariwo, “Àgbàdo!” Ó dìde lọ síwájú pátákó, ó fi ìka kan àmì náà níkọ̀ọ̀kan: “Èyí ló ní kí ohùn lọ sílẹ̀. Èyí náà ní kó lọ sílẹ̀. Èyí ò ní nǹkan lórí.” Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọmọ mọ lẹ́tà, ìyá àgbà mọ ohùn, àwọn méjèèjì ló ka àgbàdo. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì, iṣẹ́ ìyá àgbà ti bọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà jẹ́, kó lọ bèèrè ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì ò sá fún wọn.

Iṣẹ́ yín sì ni, kì í ṣe pé mò ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé yín lórí. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ohun tó ń wá ni kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára. Kì í ṣe alákọ̀wé ló kún Abẹ́òkúta nígbà yẹn. UNESCO náà ya 8 Sẹ̀tẹ́ńbà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà láti 1966. Bó bá ti pé, ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn aláṣẹ á jáde tàwòrántàwòrán. Nínú gbogbo ìkíni náà, n kò tíì rí ẹyọ kan tí ẹni tí wọ́n ń kí lè kà.

Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ìwàásù sí i. Ẹ má kọ pé ẹ̀kọ́ dára, ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí kíláàsì lálẹ́ ti mọ̀. Ẹ kọ iye tí iṣu, gààrì àti epo ń lọ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Adó àti ní Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ wá wo bí wọn yóò ṣe jà láti kà á. Ẹ kọ ẹjọ́ kan láti kóòtù: ohun tí olè jí, ibi tí wọ́n ti mú un, ohun tí adájọ́ sọ. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn ìyẹn, kò sì sí nínú ìwé ABD kankan. Ẹ lè fi àlọ́ àpamọ̀ kan sí ìsàlẹ̀, kí ìdáhùn rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n lè ra ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ lẹ́tà ránṣẹ́, ì báà jẹ́ gbólóhùn méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ má sì ya àwòrán ọmọdé sí i, ẹ má pè é ní ojú ewé àwọn ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n, àwọn mìíràn tó bí yín lọ́mọ.

A ò béèrè ọ̀fẹ́. A ti sọ ọ́ nínú kíláàsì, wọ́n ti gbà láti máa dá owó ra ìwé ìròyìn náà, èmi ni n ó máa gbà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀, kó má baà tán kí wọ́n tó dé láti ọjà. Ẹ kàn jọ̀wọ́, ẹ gbé igun náà síbi tí a lè fi sáàsì gé e kúrò láìkan ìròyìn bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀, torí àwọn ọkọ ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Oníkẹ́míìsì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.